Ẹni Tó Fọwọ́ Kàn Án Kẹ́yìn: Ṣé Òun Náà Ni Ẹlẹ́bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí dùn létí, ó sì yá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ìbéèrè ni ó fi parí, kì í ṣe ìdájọ́. Ta ni kò mọ̀? Ìdáhùn tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀. A kàn rò pé a mọ̀ ni. Ohun méjì lè tẹ̀ lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ òsì, síbẹ̀ kí èkíní má jẹ́ ìyá èkejì.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí òwe yìí ti ń dá ẹjọ́ lójoojúmọ́, kí ó lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà Àkókó tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ní ọkọ̀: "Kí n tó gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ, kò ṣe báyìí." Ọkọ̀ wọ ọgbà lọ́jọ́ Ajé, ó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń yọnu. Ariwo ta. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní mẹkáníìkì ló bà á jẹ́. Mẹkáníìkì ní ọwọ́ òun mọ́. Àwọn tó dúró wòran sì ti dá ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣé ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kẹ́yìn ni ẹlẹ́bi nígbà tí nǹkan náà bá bàjẹ́? Bí kì í bá sì í ṣe ẹlẹ́bi, ṣé ó lè gbọn ọwọ́ nù, kí ó ní kò kan òun?

Ìlú orí òkè ni Ọ̀kà. Ẹni tó bá ti Àkùngbá wa ọkọ̀ wá síhìn-ín, tàbí tó ti bá àwọn olùjọ́sìn gun Òkè Màríà rí, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣàìsàn lè fi ara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Ọ̀kà, òkè ni olùdánwò, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan níhìn-ín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá kan tó ru sìmẹ́ǹtì pàdánù ìjánu, ó ya wọ inú ìsọ̀ àwọn ènìyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Mi ò sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ló fa ìyẹn. Mo mẹ́nu bà á kí ó lè yé wa pé láàárín àwọn òkè wa yìí, ọkọ̀ tí kò ṣeé gbọ́kàn lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Awakọ̀ tí jíà kọ̀ láti wọlé fún nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì tí yóò bá bíréèkì gbé ẹrù náà. Ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yọ̀ ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tàwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti tirẹ̀.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì gan-an? Ẹ fojú inú wo ẹni méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú. Èkíní ni ẹ́ńjìnnì, tó ń yí láìsinmi. Èkejì ni àpótí jíà, tó ń gbé agbára náà lọ sí táyà. Kílọ́ọ̀ṣì ni ìdìmú ọwọ́ yẹn. Dísíìkì kan wà nínú rẹ̀ tí irin kan ń fi agbára sípíríǹgì tẹ̀ mọ́ irin ńlá róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláíwíìlì. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kan yóò ti irin náà, dísíìkì yóò di òmìnira, ọwọ́ méjèèjì yóò tú, awakọ̀ yóò sì ráyè pààrọ̀ jíà. Bí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì yóò tún di ara wọn mú. Ẹ kíyè sí i pé bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni dísíìkì yìí rí: lílò tí à ń lò ó ló ń jẹ ẹ́. Kò sí èyí tí kò ní tán lọ́jọ́ kan. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé, ṣé ọjọ́ rẹ̀ ti pé ni, àbí ọwọ́ kan ló gé ọjọ́ náà kúrú?

Ẹ jẹ́ kí a fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń fi ọkọ̀ èrò rẹ̀ ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Owó àjọ tó kó ló fi pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ kún fún èrò àti àpò gàrí. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti gùn sókè, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ, òórùn ohun tó ń jóná sì gba inú ọkọ̀ kan. Èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí ó dá owó àwọn padà. Ọmọ rẹ̀ ń retí owó ìdánwò WAEC nílé. Ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì náà. Mẹkáníìkì kò ní nǹkan mìíràn tó ń tà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí awakọ̀ yìí bá dé gáréèjì, tó ní, "Ẹ má gbé ọkọ̀ yín lọ síbẹ̀ o, abanijẹ́ ni," ìdájì oníbàárà rẹ̀ ti lọ. Ó sì ní ọmọṣẹ́ kan, ọmọ ọdún 15, tó bá a di àwọn nọ́ọ̀tì náà. Bí ọ̀gá bá bínú, orí ọmọ náà ni ìbínú ọ̀hún yóò sọ̀ sí. Ẹni mẹ́ta ni ìdájọ́ wéré lè pa lára: ẹni tó ni ọkọ̀, tí yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì láìrí ojútùú, mẹkáníìkì, tí orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́, àti ọmọ tí kò lẹ́nu láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò sọ pé òwe àgbà já sí irọ́. Bí ohun kan bá dára kí a tó fọwọ́ kàn án, tó sì yọnu lẹ́yìn tí a fọwọ́ kàn án, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí la tú kẹ́yìn?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ wíwò kì í ṣe ibi tí a ó parí rẹ̀ sí. Àkókò lè fún wa ní ìfura. Kò lè fún wa ní ẹ̀rí. Ìfura ní kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdájọ́ ní kí ẹnì kan sanwó. Ẹni tó bá fo láti orí ti àkọ́kọ́ sórí èkejì ti fo ẹ̀rí kọjá.

Ìyàtọ̀ ńlá kan sì wà láàárín àjẹ́ inú òwe àti irin inú ọkọ̀. Ó ṣòro láti bi àjẹ́ léèrè. Kò sí ẹni tó lè tú òru palẹ̀ kí ó wo inú rẹ̀. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ṣeé bi léèrè, yóò sì dáhùn bí a bá mọ ọ̀nà tí à ń gbà bi í. Nítorí náà, ẹni tí ẹlẹ́rìí wà níwájú rẹ̀, tí kò sì bi ẹlẹ́rìí náà léèrè kí ó tó dá ẹjọ́, kò ní àwáwí.

Báwo ni a ṣe ń bi kílọ́ọ̀ṣì léèrè? Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyọ̀. Awakọ̀ tó dàgbà, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn, yóò fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò fi ọkọ̀ sí jíà kẹta tàbí ìkẹrin, yóò fún ẹ́ńjìnnì ní epo díẹ̀, yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dì mú, ẹ́ńjìnnì yóò kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó. Ẹni tó bá ń tún un ṣe léraléra yóò jó ohun tó ń dán wò.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ó ń yọ̀ kò tíì sọ ẹni tó mú un yọ̀. Bí wáyà kílọ́ọ̀ṣì bá le jù, tí kò sí àyè kankan fún ẹsẹ̀ kí ó tó mú, ọwọ́ mẹkáníìkì ló ṣe é, kì í sì í pẹ́ tún ṣe. Bí ọ́ìlì bá kán sára dísíìkì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Mẹkáníìkì kọ́ ló sọ ọ́ di gbígbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ àpótí jíà kalẹ̀. Ṣé ó rí i? Bí ó bá rí i, ṣé ó sọ? Bí dísíìkì bá jẹ́ àlòkù tàbí ayédèrú, ta ló rà á, ta ló sì ní kí wọ́n ra èyí tó pọ́ọ́kú? Bí awakọ̀ bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà gbogbo, tàbí tó máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò kí ó tẹ bíréèkì, òun fúnra rẹ̀ ló ń jó o. Dísíìkì tuntun tí ẹrù wúwo wọ̀ lára lórí òkè lè bàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, láìjẹ́ pé mẹkáníìkì ṣe àṣìṣe kankan.

Àìsàn kejì ni kí kílọ́ọ̀ṣì má tú sílẹ̀ tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí rìfáàsì. Bí jíà bá ń ké gàrà-gàrà tí kò fẹ́ wọlé, ọwọ́ méjèèjì kò tíì jọ̀wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra tó sì sàn díẹ̀, atẹ́gùn wà nínú páìpù ọ́ìlì rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà ló dẹ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ojú dísíìkì sí òdì, tàbí pé wọ́n jẹ́ kí àpótí jíà gbé gbogbo ara lé e nígbà tí wọ́n ń dá a padà, tó sì tẹ̀. Bí àìsàn yìí bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde, púpọ̀ nínú ohun tó lè fà á ló ń tọ́ka sí ọgbà mẹkáníìkì.

Ẹ̀kẹta ni ariwo, ó sì kún fún ẹ̀kọ́. Bí ariwo bá jáde nígbà tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá wà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, bíárìn inú àpótí jíà ló ń sunkún, ọjọ́ orí ló sì sábà máa ń fà á. Níhìn-ín, àjẹ́ àná lè má mọ nǹkan kan nípa ikú òní. Ó kàn ké ní alẹ́ tí kò dára fún un ni.

Ẹ̀kẹrin ni kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bí ó bá fẹ́ gbéra. Ọ́ìlì lórí dísíìkì lè fà á. Ojú fúláíwíìlì tó ti jó, tí wọn kò dán kí wọ́n tó fi dísíìkì tuntun lé e, lè fà á. Rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì tó ti ya náà lè fà á, ìyẹn kò sì sí nínú kílọ́ọ̀ṣì rárá.

Àìsàn mẹ́rin nìyí. Gbogbo wọn lè yọjú ní Ọjọ́bọ̀ kan náà, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà. Ẹni tó ń fi àkókò nìkan ṣe ẹlẹ́rìí yóò dá ẹjọ́ kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì ṣì í dá nínú púpọ̀ wọn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé mẹkáníìkì bọ́ nìyẹn? Rárá o. Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà wà. Ohun méjì ni a sábà máa ń pò pọ̀: ẹ̀bi àti ojúṣe. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn, ó ń béèrè pé, "Ta ló ṣe é?" Ojúṣe ń wo iwájú, ó ń béèrè pé, "Ta ló yẹ kí ó dìde báyìí?" Ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kẹ́yìn lè má jẹ ẹ̀bi kankan. Síbẹ̀, òun ni ojúṣe kọ́kọ́ kàn, nítorí pé òun ló mọ ohun tó bá níbẹ̀, ohun tó tú, ohun tó dì padà àti ohun tó fi sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sanwó ohun tí kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ọkọ̀ náà wọlé, kí ó wò ó, kí ó sì sọ ohun tó rí. Bí ọmọ bá ṣubú nílé ìwé, olùkọ́ tó wà nítòsí kì í kọ́kọ́ wádìí bóyá òun ló tì í. Yóò gbé e dìde ná. Ìgbédìde kì í ṣe ìjẹ́wọ́.

Àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ dísíìkì yàtọ̀ sí bíárìn, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún òun? Ìbẹ̀rù ni ààbò kan ṣoṣo tó ní. Bí kò bá pariwo, wọn yóò yàn án jẹ." Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lọ́dún 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìwádìí kan nípa ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ó ṣàlàyé pé bí ẹni tó ń tà bá mọ àléébù tí ẹni tó ń rà kò mọ̀, ẹni tó ń rà yóò máa fura sí gbogbo ọkọ̀, yóò sì máa dá owó kékeré lé gbogbo wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ gidi kò ní rí owó tó tọ́ sí i, yóò gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà, títí tí yóò fi jẹ́ pé àwọn tí kò dára ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí irú ìmọ̀ báyìí, òun pẹ̀lú Michael Spence àti Joseph Stiglitz gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2001.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí ọgbà mẹkáníìkì, ẹ ó rí i pé ariwo kò yanjú ìṣòro náà. Ńṣe ló ń dá kún un. Bí a bá ń pe gbogbo mẹkáníìkì ní olè, èrè kí ni olóòótọ́ inú wọn rí? Òun náà yóò ní, "Bí mo ṣe dáadáa, wọn yóò bú mi, bí mi ò ṣe dáadáa, wọn yóò bú mi." Nígbà tó bá yá, yóò fi òótọ́ sílẹ̀, tàbí kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tó lè wo ìbẹ̀rù aláìmọ̀kan sàn ni kí ẹni tó mọ̀ ṣí ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí á rí i. Gbèsè ni ìmọ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀, tó sì ń gba owó lórí rẹ̀, jẹ ẹni náà ní òtítọ́ kí ó tó jẹ ẹ́ ní iṣẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjèjì ni èyí. Àwọn baba ńlá wa gbà pé Ògún ló ni irin, pé gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun, ìbáà ṣe alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì, abẹ́ rẹ̀ ló wà, àti pé kì í fojúure wo òpùrọ́. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ lè fi irin búra, bí Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń fi Bíbélì búra, tí Mùsùlùmí sì ń fi Kùránì búra. Ohun yòówù kí ẹ̀sìn ẹni jẹ́, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa. Àwọn tó so irin mọ́ òtítọ́ mọ̀ pé ibi tí irin ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ lè pa ènìyàn.

Báwo ni òtítọ́ yìí ṣe rí lójú iṣẹ́? Kí mẹkáníìkì bá oníbàárà gun ọkọ̀ náà kí ó tó tú u, kí wọ́n jọ gbọ́ ohun tó ń ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó fi dísíìkì àtijọ́ han ẹni tó ni ín. Kí ó sọ bóyá èyí tó fẹ́ fi síbẹ̀ jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀. Bí ó bá rí ọ́ìlì tó ń jò nígbà tó sọ àpótí jíà kalẹ̀, kí ó pe oníbàárà lórí fóònù kí ó tó bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó bá a gun òkè kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ọlọ́run ti fi òkè jíǹkí wa, ẹ jẹ́ kí á lò ó. Bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, kí ó lè sọ pé, "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n." Gbólóhùn kúkúrú yẹn níye lórí ju páàtì mẹ́ta tí a kàn ń fi dánwò pẹ̀lú owó olówó lọ. Òfin àpapọ̀ lórí ìdíje okòwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà sọ pé ẹni tó ń ta ohun àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ̀, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin kì í sábà dé abẹ́ ọkọ̀ níbi tí mẹkáníìkì dùbúlẹ̀ sí. Ìwà nìkan ló ń dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ọ̀gá. "Ọmọṣẹ́ ló ṣe é" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tó gba owó ló gba ojúṣe. Ọmọ wà níbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, àṣìṣe sì wà lára ẹ̀kọ́. Ọ̀gá tó ń ti ọmọ síwájú nígbà ìbáwí ń kọ́ ọ níṣẹ́ kejì, ìyẹn bí a ṣe ń sá fún ohun tí a ṣe. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá gba òmìnira, tó sì dá ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ méjèèjì ni yóò máa ṣe.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó sọ gbogbo òótọ́: ẹrù tó kó, òkè tó gùn, ẹni tó yá ní ọkọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àti iye owó tó kọ̀ láti san nígbà tí mẹkáníìkì ní kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ọ́ìlì náà. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tó sì fi ìdajì àìsàn pamọ́, oògùn ìdajì ni yóò gbà. Kí ó má ṣe máa wa ọkọ̀ tó ń yọ̀ kiri kí ó tó gbé e padà, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni àbùkù kékeré fi ń di ńlá, tí ẹ̀rí sì fi ń jóná mọ́ dísíìkì. Kí ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, kí ó bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kí ó mú mẹkáníìkì mìíràn wá láti wò ó níwájú àwọn méjèèjì, tàbí kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ariwo gáréèjì ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nílé ìwé, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ nìkan nìyí. Ọmọ yí ilé ìwé padà, ó sì fìdí rẹmi ní sáà àkọ́kọ́. Ilé ìwé tuntun ni a ń bú. Aláìsàn lo oògùn, ara rẹ̀ gbóná ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni a ń bú. Ìyàwó tuntun wọlé, ọjà ìyá ọkọ kò tà. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọn yóò yọ ojú sí. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tó dé kẹ́yìn ni ẹni tí ó rọrùn jù láti dá lẹ́bi. Bí a bá lè kọ́ sùúrù lórí irin, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, bóyá a ó lè lò ó fún ènìyàn, tí ó ní in. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: Kí ló ń ṣe gan-an? Kí ni gbogbo ohun tó lè fà á? Kí ni a lè ṣe tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tí kò bá tíì béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè orí àròkọ yìí ni pé rárá: ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kẹ́yìn kì í fi dandan jẹ́ ẹlẹ́bi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí á bi léèrè, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó dáhùn. Ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù dé ibi tí ẹ̀rí yóò fi dé. Ẹni tó ń dáhùn gbọ́dọ̀ ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí á rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ọkọ̀ yóò gun òkè, orúkọ kò ní bàjẹ́, ọmọṣẹ́ yóò sì rí bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe nígbà tí nǹkan bá wọ́.